Fláàṣì Tí Mo So Sókè Ààrò

Ilé Akínwọlé,
Odígbó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá.

Monílọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti Odígbó dé Àbújá. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, àfi eékún tó ń yọ mí lẹ́nu bí mo bá ti oko kòkó dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, nítorí ojú ń tì mí.

O rántí ohùn ìyá rẹ tí o gbà sílẹ̀ nígbà àìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, o kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi, o sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì. O ní, "Bàbá, ẹ má fi méjèèjì sójú kan o. Ẹ gbé fláàṣì lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Péjú ní Ago Aláyé." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo rò ó pé ìyàwó mi kò ní máa sun ilé onílé nígbà tí mo ṣì wà láyé.

Mo wé fláàṣì náà sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ àgbàdo irúgbìn lókè ààrò, níbi tí kòkòrò kì í dé. Bí bàbá mi ṣe ń tọ́jú ohun iyebíye nìyẹn. Ṣé o ń rẹ́rìn-ín? Máa rín in.

Lóṣù tó kọjá, ìjì ṣí páànù yàrá mi, òjò sì wọ inú kọ̀ǹpútà. N kò tilẹ̀ bẹ̀rù. Mo gbé àkàbà, mo gun òkè ààrò. Ooru iná ti yọ́ fláàṣì náà pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n tìrẹ wà nílẹ̀, n kò lò ó.

Hàbíb tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Orè tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀, ó wà lẹ́nu rẹ̀ fọ́sẹ̀ méjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Nínú ohùn mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló yọ." Àdúrà ìyá rẹ ti lọ. Orin tó máa ń kọ bó bá ń din gàrí ti lọ.

Èyí tó kù ni ti ọjọ́ tí o fẹ́ padà sí Àbújá. Ó bi ọ́ pé, "Monílọ́lá, ìgbà wo lo tún ń bọ̀?" O ní, "Mọ́mì, mo ń bọ̀ nígbà Kérésì." Kò dúró de Kérésì yẹn. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ín, o kò sì tíì padà wálé. N kò bá ọ wí. Mo mọ̀ pé ilé yìí ń bà ọ́ nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ yín. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ ń bi ọ́, láràárọ̀ lo sì ń dá a lóhùn pé o ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún mi. Ọ̀nà yóò là fún ọ, ojú wa yóò sì rí ara wa.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Akínwọlé.

Àfikún: Mo ti gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu báyìí. Ẹ̀dà mẹ́ta ni Hàbíb ṣe. Ọ̀kan wà lórí fóònù mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Péjú ní Ago Aláyé. Ìkẹta jẹ́ tìrẹ, n kò sì ní fi rán awakọ̀ kankan. Wá gbà á fúnra rẹ nígbà Kérésì.