Ohun Tó Gbẹ̀yìn “Ṣùgbọ́n”

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ, kí àwọn tó gbọ́ pé ọmọ yín ya aláfojúdi lè gbọ́ tẹnu mi.

Abúlé oko tí mo ti ń kọ́ni kò jìnnà sí Lálúpọn. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ogun sì ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ. Àwọn àgbà àti obìnrin ló po amọ̀, tí wọ́n fi mọ ògiri ilé ìwé.

Lóṣù tó kọjá, òyìnbó alábòójútó wa wá wò ó. Ó kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn àgbà ìjọ, ó ní kí n dà á kọ nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára: wọ́n ti mọ ògiri, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. “But” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣùgbọ́n yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Ògúndélé, baálẹ̀ wa. Wọ́n ní ìwé yìí yóò gbà mí lọ́wọ́ àwọn, àwọn àgbà ìjọ yóò ní kò sí ilé ìwé níbí, wọn yóò sì pè mí kúrò, torí ohun tó bá gbẹ̀yìn ṣùgbọ́n ni olùgbọ́ ń gbé lọ sílé. Wọ́n ní bí a bá sọ pé ọmọbìnrin kan rẹwà, ṣùgbọ́n olè ni, ta ni yóò fẹ́ ẹ?

Mo yí i padà: “although” kò ní òrùlé, “but” wọ́n ti mọ ògiri. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní Yorùbá lè sọ “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” kó tún fi “ṣùgbọ́n” tì í, Gẹ̀ẹ́sì kì í fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan. Ẹni tí kò mọ ìyẹn kò gbọdọ̀ tún ìwé òun ṣe. Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Mo pa “but” rẹ́, mo fi “although” sílẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ ara mi sí i, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú tirẹ̀.

Èsì àwọn àgbà ìjọ dé: kí n dúró sẹ́nu iṣẹ́ mi níbí, wọn kò ní owó òrùlé, kí n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òyìnbó. A gé koríko bẹẹrẹ, a fi bo ilé náà fúnra wa. N kò tọrọ àforíjì. Gẹ̀ẹ́sì mi ló ní àṣìṣe, mo sì ti tún un ṣe. Ohun tí mo sọ kò ní àṣìṣe.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé kí ọ̀rọ̀ má baà le. Àárò yín ń sọ mí gidigidi, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ilé wa níbí. Ẹ má bínú sí mi, Ìyá mi, n kò bọ̀. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló jókòó níwájú mi láàárọ̀ yìí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ kí tọmọdé tàgbà nínú agbo ilé.

Ọmọ yín,
Sàárà