Ẹ̀rọ Orin Tuntun àti Aṣọ Ìnura Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ìkíni fa lẹ́tà gùn. Gbogbo lẹ́tà tí àwọn èèyàn bá gbé wá kí ẹ bá wọn tẹ̀, ẹ máa ń gé ìkíni orí rẹ̀ sí ìlà kan péré, inú ẹlòmíràn kì í sì í dùn sí i. Ẹ jẹ́ kí n gé tèmi náà. Ara gbogbo wa le. Màmá ń bẹ, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń bá gbogbo aládùúgbò jà lórí omi tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà. Cadjèhoun àdúgbò wa ò yí padà, bàálù ṣì ń gba orí òrùlé wa kọjá bíi pé ilé ìdáná wa ló fẹ́ bà sí.

Ràsákì ló gbé ẹ̀rọ kan wá fún mi. Ẹ ò mọ Ràsákì, ẹ̀yìn tí ẹ ti lọ ló dé Kútọnu. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ń ta sípíkà àti dùùrù oníná, Sèmè-Kpodji lẹ́bàá ẹnubodè sì ni ọjà rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹyọ kan péré ló kọ́kọ́ rà nínú ẹ̀rọ tuntun yìí. Ó mọ̀ pé orin ni mo fi ń jẹun, pé èmi ni mo ń ṣe ìlù àti ohùn tó ń gbe orin lẹ́sẹ̀ fún àwọn olórin ìgbéyàwó àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ló bá gbé e sórí tábìlì mi.

“Àǹtí, ẹ bá mi lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá ní ó dáa, màá kó o wọlé, ẹ̀yin lẹ ó sì máa kọ́ àwọn tó bá rà á ní ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ má pọ́n mi o, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ tó já lé mi lọ́wọ́: iṣẹ́ olùkọ́, bíi tiyín tí ẹ fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwé títẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, kí ẹ yọ gbogbo lẹ́tà kúrò lára rẹ̀. Dípò bọ́tìnì, rọ́bà onígun mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin. Páàdì ni wọ́n ń pè é. Ohùn tó bá wù yín lẹ ó fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìlù sínú èyí, àtẹ́wọ́ sínú tọ̀hún, kódà ẹ lè fi ikọ́ ara yín sí ọ̀kan. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó dún. Iná aláràbarà ń tàn lábẹ́ wọn, iná yẹn ló sì ń júwe ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà. Iná yẹn náà ló kó mi sí wàhálà.

Ojú mi ò dáa mọ́, Bàbá. Ó ti lé lọ́dún kan. Àárín ṣì mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Tí mo bá ń wo páàdì, mi ò rí ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo so ẹ̀rọ náà mọ́. Tí mo bá gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà, páàdì ti pòórá. Dókítà fún mi ní oògùn tí mo ń kán sí i. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà, àmọ́ ó lè bá mi tọ́jú èyí tó kù. Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ní irú rẹ̀ rí, torí pé ó máa ń tọ ẹ̀jẹ̀ wá. Mo ní mi ò mọ̀.

Orí zẹ́mìjàn ni mo wà, tí ọlọ́kadà náà ń sáré lọ sílé, nígbà tí ẹ wá sí mi lọ́kàn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gba ara ògiri rìn, tí ẹfun á máa wà ní èjìká aṣọ yín. Mo rántí pé àwọn kan ń pè yín ní agbéraga, torí pé ẹnì kan lè na ọwọ́ sí yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má bọ̀ ọ́. Mo rántí ariwo tí ẹ máa ń pa bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga kúrò níbi tó wà. Ìwà olùkọ́ la pè é. A tún máa ń sín yín jẹ lẹ́yìn yín, ẹ forí jì wá.

Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá? Ìgbà wo lẹ mọ̀? Ṣé ẹ lọ rí dókítà kankan, àbí ẹ kàn ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde títí ọjọ́ fi pé? Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ká ní ẹ sọ ni, ǹ bá ti tètè lọ yẹ tèmi wò. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ bá wí, nígbà tí èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Mi ò lè bi Màmá léèrè nípa ojú yín, torí bí mo bá béèrè, ó máa mọ̀ nípa tèmi.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ń lo ẹ̀rọ náà bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó, mo ń sá tẹ̀ lé iná. Ìyà jẹ mí. Bí mo bá ń wá àtẹ́wọ́, ìlù ni mo ń bá, orin sì ti kọjá ibẹ̀ kí n tó rí èyí tí mo ń wá. Mo ti fẹ́ dá a padà fún Ràsákì pẹ̀lú irọ́ kan ṣáá. Ní ọjọ́ kẹta ni mo dìde, mo ká aṣọ ìnura kúrò lórí okùn.

Ẹ rántí àwọn Sátidé yẹn? Ẹ ó so aṣọ ìnura aláwọ̀ aró mọ́ mi lọ́rùn, ẹ ó wá na etí kejì rẹ̀ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọwọ́ mi, kí n má bàa rí bọ́tìnì kankan. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Ìka mi máa ń há sáàárín bọ́tìnì, mo sì máa ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ẹ̀yin fúnra yín kì í wo ìwé tí mo ń tẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ lẹ fi ń mọ̀ pé mo ti ṣìnà, ẹ ó sì máa fi ìka lu tábìlì kí títẹ̀ mi má bàa sáré níbì kan kó máa wọ́ níbòmíràn. Ṣé tèmi lẹ ń rò nígbà yẹn, àbí ara yín lẹ ń kọ́, tí ẹ wá fi tèmi kún un?

Ohun yòówù kó jẹ́, ó ṣiṣẹ́. Mo so aṣọ mọ́ ọrùn, àgbàlagbà bíi tèmi, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́kọ mu. Mo bo ẹ̀rọ, mo bo ọwọ́, mo sì dijú. Ibẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí Ràsákì gbé wá. Ẹ̀rọ gidi ni, Bàbá. Bí ẹ bá fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́, ó dún jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbá a, ó ké. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ ò tètè gbé ọwọ́, tí ẹ ń rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, ohùn náà á máa wú lábẹ́ ìka yín. Òógùn ò mú ìka yọ̀ lórí rẹ̀. Iná lọ nígbà tí mo ń lò ó, orin ò dúró, nítorí ó ní bátìrì tirẹ̀.

Ó ní àbùkù tirẹ̀ náà. Páàdì ìsàlẹ̀ lápá òsì le ju àwọn yòókù lọ. Àwọn bọ́tìnì yíyí rẹ̀ kò lópin, wọ́n kàn ń yí ni, ọwọ́ ò lè mọ ibi tó dé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ kéré bí èèrà. Ní ti afẹ́fẹ́ òkun wa yìí, mi ò lè búra fún ohun tí iyọ̀ máa ṣe fún un tó bá tó ọdún kan. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo páàdì dọ́gba, kò sí àmì kan tí ìka lè fi mọ ilé. Mo bá mú ọ̀dà tí mo fi ń kun èékánná, mo kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sórí méjì nínú wọn. Ó bó lọ́jọ́ kejì, mo tún un kán.

Ọjọ́ tí mo lu odidi orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí lábẹ́ aṣọ, tí mi ò ṣi ìka gbé, mo sunkún bíi ti Sátidé àtijọ́. Ìdúpẹ́ ni o. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí ojú bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti fún mi ní ohun tí mo máa fi ṣe é láti ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo lọ bá Ràsákì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lè sọ pé ẹ̀rọ dáa, kí n gba iṣẹ́, kí n sì panu mọ́ lórí ojú mi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́ dáadáa. Àmọ́ ó ní òótọ́ lòun fẹ́. Mo sọ ti ẹ̀rọ tán fún un, dáadáa rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀, mo wá sọ ti ojú mi. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú sípíkà kan tí kò dọ̀tí.

“Àǹtí, ṣé ọwọ́ yín náà ń lọ ni?”

“Rárá o.”

“Ó dáa nígbà náà. Ọwọ́ lẹ ó fi kọ́ wọn. Ẹ mú ọ̀dà èékánná yẹn dání tí ẹ bá ń bọ̀.”

Bí mo ṣe sọ fún àjèjì tán, ojú tì mí pé Màmá ò tíì gbọ́. Mo délé, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà ní àgbàlá, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Mo ti mọ̀. O ti ń gba ara ògiri rìn bíi ti bàbá ẹ.”

“Ẹ mọ̀ nípa Bàbá?”

“Ṣé n ó máa bá èèyàn sùn kí n má mọ̀ pé kò ríran ni? Ojú ń tì í, ló fi ń ṣe bíi pé ó ń ríran. Èmi náà ń bá a ṣe é. Mo kàn máa ń kọrin tí mo bá ń wọlé ni, kó lè mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀, kó sì mọ ibi tí mo gbà.”

Bàbá, mo bá a ṣa lára ẹ̀wà náà. Ọjọ́ tí ẹ lọ ni Màmá ti dá orin kíkọ dúró nínú ilé. Ọ̀fọ̀ la pè é, a sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti ìdáná dé pálọ̀ lọ́dún tó kọjá, inú mi dùn, mo sọ fún àwọn àbúrò mi pé ìbànújẹ́ ti ń kúrò lára Màmá. Èmi ló ń kọrin fún.

Torí náà ni mo ṣe kọ̀wé yìí, kí ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ dá a gbé títí, ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Màmá mọ̀, Bàbá. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ lórin fún yín.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.