Adìyẹ Tó Jẹ Ìrẹsì Iléyá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ikùn yín ti dé ara mi o. Ikùn tó máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹ ó fi tú ìró, tí ẹ ó tún un ró kó lè rọ̀, ti di tèmi báyìí. Mo gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà yẹ̀ mí wò títí, ó ní kì í ṣe ọgbẹ́ inú, kò sì sí májèlé níbẹ̀. Ìfun mi ni kò gba àwọn oúnjẹ kan. FODMAP ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan ọ̀hún. Kí n má jẹ àlùbọ́sà, aáyù, ẹ̀wà, búrẹ́dì, mílíìkì àti oyin fún ìgbà díẹ̀, kí n wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó ń bá mi jà.

Láti ìgbà náà, n kò gba ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá oúnjẹ kankan gbọ́ mọ́. Mo lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kabong, kí n máa yí páálí bisikíìtì síwá sẹ́yìn, kí n gbé e súnmọ́ ojú, títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á fi ní, "Aunty, lafiya kuwa?", ìyẹn ni pé ṣé àlàáfíà ni. Iwájú páálí ni wọ́n ti ń purọ́. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ṣúgà níbẹ̀, oyin á sì ba sẹ́yìn nínú lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Èyí tó wá burú jù ni 'spices', ìyẹn èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán. Spices wo? Kí ló dé tí wọn ò lè dárúkọ rẹ̀? Aáyù ni, mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbóòórùn ata, tí ẹ ó tún wojú ẹni tó ń tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ìyá Ràfíù, ará Ìlọrin tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa àti tirẹ̀ ní Nasarawa Gwong. Ìrẹsì Iléyá rẹ̀ ló mú ikùn yín wú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi gbà pé ó fi nǹkan sí i. Látìgbà náà, bó bá gbé oúnjẹ wá, a ó dúpẹ́, a ó dà á fún adìyẹ lẹ́yìnkùlé, a ó fọ abọ́, a ó dá a padà. Mo bi yín ìdí tí adìyẹ ò fi kú. Ẹ ní ikùn kì í dọ́gba, pé ohun tí ara adìyẹ gbà, ara tiyín lè má gbà á. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, Màámi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí i, mo sì tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná. Ojú mi lọ tààrà sí ọ̀rá èròjà tó fi ń se ìrẹsì, mo yí i padà. Àlùbọ́sà lílọ̀ àti aáyù lílọ̀ ló ṣáájú. Irú ọ̀rá tí ẹ̀ ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín ni, èyí tí ẹ kì í fi sọ́bẹ̀ tiwa nítorí òórùn rẹ̀. Ó ní ọwọ́ yín lòun ti ń rà á látijọ́, kí ọjà ọ̀rẹ́ òun lè máa tà. Ojú tì mí, Màámi. Ojú tì mí nítorí yín.

Ó se ìrẹsì mìíràn fún mi, ata, iyọ̀ àti òróró nìkan. Síbẹ̀, bó ṣe yíjú báyìí ni mo ka ara ìgò òróró náà. Mo jẹun, mo dúró de ikùn mi títí wọ́n fi pe ìrun aláásárì. Ìró mi ò fún mi. Mo fọ abọ́, mo gbé e fún un.

Ó yẹ abọ́ náà wò, ó yẹ ojú mi wò, ó wá bi mí bóyá a ṣì ń sin adìyẹ. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, òun á tún gbé díẹ̀ wá lọ́la.

Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí, Màámi. Kí ló dé tó fi ń gbé e wá?

Èmi ni, ọmọ yín tó jogún ikùn yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.