Ohun tí mo rí lábẹ́ omi wa

Obaja àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Surabaya. Màmá wa ní kí n sọ fún ọ pé oògùn orúnkún tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

O rántí pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn obìnrin abúlé so ewé àgbọn mọ́ òpó létí omi wa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ títí wọn yóò fi tú u, kí ẹja lè pọ̀ sí i. Mo bi Màmá Batseba, olórí wa, pé, "Ṣé ewé yìí la ó máa sè jẹ?" Ó ní, "Yosina, ariwo rẹ pọ̀ ju ebi rẹ lọ."

Lánàá la tú u. Mo sé èémí, mo wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. Àbúrò mi, ìgbín òkun bo òkúta débi pé n kò rí ibi tí mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹja tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá wá wò mí lójú, kò sá. Àwọn ẹja ibẹ̀ ti gbàgbé pé èèyàn ń pẹja! Ọwọ́ òfo ni mo fi gòkè, ẹnu mi ò lè sọ̀rọ̀. Batseba pariwo pé, "Ẹ wá wo aláròyé tó yadi!"

Nítorí náà, má fọwọ́ sí ìwé tí onílé-ìtura yẹn gbé wá láti ra etíkun wa. Èmi tí mo ní kí o tà á tẹ́lẹ̀ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣírò owó rẹ̀, kò ní bọ́ wa ju ọdún mẹ́ta lọ.

Wá sílé ní Kérésì. Kí Olúwa ṣọ́ ọ̀nà rẹ. Tí o bá wọ omi yìí, tí o sì ṣì fẹ́ tà á, èmi fúnra mi ni màá fún ọ ní kálàmù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Yosina