Ìbéèrè Tí Alhaja Kúlísúmù Bi Felicia

Bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyí: wọ́n ní Alhaja ló... rárá, ẹni tó ní òun wà níbẹ̀ ló sọ pé... ọmọ ẹrú ni Alhaja pe Felicia, ará Amẹ́ríkà tó múlé tì wọ́n... Ọ̀rọ̀ yìí ti dé mọ́ṣáláṣí. Felicia náà sì wà níbi àdúà òkú ìyá wa lónìí. Ìdí nìyí tí àwa ẹbí fi kọ ìtàn ìyá wa bó ṣe rí, kí orúkọ wọn má baà bàjẹ́ lẹ́yìn wọn.

Ọdún 1948 ni a bí Alhaja Kúlísúmù Àbẹ̀kẹ́ Sàláhúdéènì ní Ìsẹ́yìn, ní ilé ológun. Wọ́n lọ ilé kéú, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ òfì lọ́dọ̀ ìyá wọn. Lọ́dún 1969, Alhaji Jàfárù gbé wọn níyàwó.

Lọ́dún 1996 wọ́n dé Maryland ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Temple Hills. Nígbà tí Alhaji jáde láyé, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí wọn, Rasaq, ní Fairwood. Oko tábà ni ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà kan. Bí kùrukùru àárọ̀ bá bo koríko, ìyá wa á dúró lójú fèrèsé bí ẹni tó ń wo èrò tó ń kọjá. Wọ́n á ní ilẹ̀ yẹn ń mí.

Kò sí àlejò tí wọn kì í bi pé, "Ọmọ ta ni ẹ́? Ilé baba rẹ ńkọ́?" kí wọ́n tó fi oríkì kì í. Bí wọ́n ṣe bi Felicia nìyẹn lọ́dún 2019, tí Inaayah, ọmọ-ọmọ wọn, ń túmọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ojú egbò ni wọ́n tẹ̀. Felicia dáhùn pé:

"Mama, ibi tí àkọsílẹ̀ ìran mi nínú ìwé mọ ni mo mọ."

Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ Maryland, òyìnbó tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà àti ènìyàn dúdú jọ ń ro oko tábà kan náà ni. Àsìkò òyìnbó á pé, á sì gba ara rẹ̀. Nígbà tó di 1664, òfin ní kí ènìyàn dúdú máa sìn títí dọjọ́ ikú, tòun tọmọ rẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà nínú ìwé ogún ọ̀gá kan, "obìnrin dúdú" lásán, kò lórúkọ. Ibẹ̀ ni ìran òun ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí Felicia ò wá jókòó ti ìyá wa, títí tí wọ́n fi dákẹ́.

Wọ́n fi Rasaq, Kamilah àti Zakariyya sáyé, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti Felicia, tí àwọn fúnra wọn kà mọ́ ọmọ. Ìyá wa, kí ilẹ̀ àjèjì yìí rọ̀ yín lára bí òwú. Kí Ọlọ́hun fi Alijánà kẹ́ yín.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ìyá wa fi dá Felicia lóhùn lọ́jọ́ yẹn, Inaayah tún un sọ níwájú gbogbo ẹbí, kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un:

"Felicia, ìwọ kọ́ lo sọnù. Àwa tá a wà nílé la ò wá ọ. Ilé wa jagun, ilé wa kó ẹrú, a sì jẹun, a sùn. Má bínú, ọmọ mi. Sún mọ́ mi níbí."