Pákó Bàbá Tí Mo Fi Ṣe Jìtá

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Bàrígà, mo sì kí gbogbo àgbà ilé.

Wọ́n ní mo jí pákó ìrókò tí Bàbá tọ́jú sórí àjà fún pósí ara wọn, pé mo lọ tà á l'Ékòó. Irọ́ ni. N kò jí i, n kò sì tà á. Bàbá ló fún mi, jìtá ni mo sì fi ṣe.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú, káfíńtà ní Abúlé Òkúta, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe jìtá béèsì, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń kù lábẹ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó tí mo kọ́kọ́ rà kò tíì gbẹ, ìkánjú kò sì jẹ́ kí n dúró. Mo fá a, mo so wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀. Ẹ̀gbọ́n Múfú rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n kúkú gbé e lọ sétí ọ̀sà kí n máa fi pẹja.

Nígbà tí mo wálé, ẹ̀yin wà lọ́jà, mo rò ó fún Bàbá. Wọ́n ní ta ló ń fi igi tútù ṣe ohun tó máa fara da wáyà, pé ṣé ohun tí mo lọ kọ́ l'Ékòó nìyẹn. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n gbé pákó ìrókò náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Mo bi wọ́n pé pósí wọn ńkọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ ló máa jẹ pósí, kí n fi ṣe ohun tí etí máa gbọ́.

N kò mọ̀ pé wọ́n máa nílò rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi sin wọ́n, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, n kò sọ fún yín pé Bàbá ló fún mi ní ìrókò náà. Ojú ló tì mí. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Láti ìgbà náà ẹ kò gbé fóònù mi mọ́.

Òjò kò dá níbí. Omi ń wọ yàrá, èmi nìkan ni mò ń gbọ́n ọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé jìtá ìrókò náà sí, èmi ń sùn lórí àga. Lánàá mo ní kí n ka àwọn tó dúró tì mí: Ẹ̀gbọ́n Múfú tó yá mi ní irinṣẹ́, lẹ́yìn náà Bàbá. Ibẹ̀ ni mo kà á dé, n kò lè kà á mọ́.

Tí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ ránṣẹ́. Màá tú wáyà rẹ̀, màá gbé igi náà wálé fún yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá fi èédú kọ orúkọ wọn sórí pákó náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Olè ì bá ti fá a dànù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ilé kò ní tú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò jalè,
Ṣẹ́gun