‘Wọ́n’ Ni Mo Ń Pe Apààyàn

Yàrá ẹ̀yìn,
Ilé ìfọṣọ ìyá mi.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Òpó-Iná, ọ̀rẹ́ mi tó ga ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ,

Mo kí ẹ, mo kí ìyá rẹ àti bàbá rẹ, mo sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í dáhùn ìkíni. Ṣé ara yín le? Ṣé ilé tuntun yẹn ti mọ́ yín lára? Ṣé o ti mọ ọ̀nà ilé-ìwé, àbí o ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ sọnù láàárọ̀ kí o lè pẹ́ dé? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìdùnnú, kí ikọ́ tó ń dà ẹ́ láàmú sì ti wá ilé ẹlòmíràn lọ, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ ilé wa. Ní tèmi, ara mi le bí irin. Ojú nìkan ló ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò tí mo bá ń rìn lójú pópó. Kò sí kòtò kan ládùúgbò yìí tí mi ò mọ̀ mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n fi ìwé apààyàn yẹn ránṣẹ́ sí ẹ kíá, pé gbogbo kíláàsì yín ló ń sọ̀rọ̀ ìlú wa, ìwọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni o kò tíì kà á. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe. Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn sinmi díẹ̀, jókòó kí n ṣàlàyé.

Ìwé náà nípọn bí odindi búrẹ́dì, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe ní ìlú wa níbí ni, kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì. Obìnrin méje ló pa. Wọ́n á pè é pé kó wá tún ilẹ̀kùn ṣe, yóò tún un ṣe dáadáa, yóò dágbére, yóò lọ. Àmọ́ yóò ti gé kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ fún ara rẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, yóò padà wá. Ohun tó ń bani lẹ́rù jù, tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ni pé kò wọlé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ nu bàtà rẹ̀ lórí ẹní ẹnu ọ̀nà. Òpó, apààyàn tó ń ṣe ìmọ́tótó!

Bí ìwé yìí ṣe dé báyìí, orí gbogbo ìlú dàrú. Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, lókè àga rẹ̀, pé ‘Ibí ló máa ń jókòó sí’. Àga tí èmi àti ìwọ jọ wò bí wọ́n ṣe ń já a látinú lọ́rì lọ́dún tó kọjá! Ìyá oníbúrẹ́dì ní ọwọ́ àwọn ni ọkùnrin náà ti máa ń ra búrẹ́dì, pé ó sì máa ń dúpẹ́ ju àwọn oníbàárà òde òní lọ. Bàbá Onílé rí orúkọ òpópónà wa nínú ìwé náà, inú wọn dùn bí ẹni tó yege ìdánwò, gbogbo àlejò ni wọ́n ń ṣí ojú ìwé náà hàn. Ìyàwó oníkẹ́míìsì tiẹ̀ bẹ̀rù débi pé wọ́n pe ẹni tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe kó wá pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé wọn. Ìgbà tó ṣe tán tó lọ ni wọ́n tó rántí irú ẹni tí wọ́n pè. Títí di òní, wọ́n ń fi tábìlì ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọkùnrin yẹn. Kò sí ẹnì kan tó ní òun mọ èyíkéyìí nínú àwọn obìnrin náà. Nígbà yẹn, mi ò kíyè sí i, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Ẹ̀rín nìkan kọ́ o. Èdè ilé-ìwé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ìyá mi sì ní èdè yẹn máa ń há àwọn ní ọ̀fun. Wọ́n ní, “Rédíò, bọ́ síbí, fi èdè tiwa sọ ọ́, kó yé wa yékéyéké.” Èmi! Èmi tí wọ́n ń sọ pé kí n dákẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ! Mo dúró sáàárín agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, mo di gbogbo wọn: mo di ọlọ́pàá, mo di ajá, mo di ilẹ̀kùn tó ń dún kíìn. Tó bá kan apààyàn náà, màá fi bàtà mi nu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sàà, sàà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì pa lọ́lọ́. Ẹni tó wá gba ṣòkòtò kan ṣoṣo kò ní lọ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Òkìkí mi kàn dé ibi ìkàwé, wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìyàwó olórí orílẹ̀-èdè.

Ọjọ́ tí mo dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti yí ilé rẹ̀ ká, tó sì fò jáde lójú fèrèsé ẹ̀yìn, n kò mọ ìgbà tí mo kígbe pé, “Ẹ sá, Bàbá, ẹ sá!” Òpó, mi ò ní purọ́ fún ẹ lórí èyí: kì í ṣe eré. Ọkàn mi ń bá a sá ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Ìyá mi náà pàtẹ́wọ́.

Àǹtí Ooru nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. O rántí Àǹtí Ooru, tí wọ́n ń bá wa lọ aṣọ, tí èéfín áyọ́ọ̀nù kì í jẹ́ ká rí ojú wọn. Àwọn ló fọ aṣọ rẹ, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí o já sí gọ́tà, tí wọn ò sọ fún ìyá rẹ. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Wọ́n ní, “Rédíò, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan.”

Mo ní, “Ẹ bi mí, mà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni.” Mo ṣì ń ṣe ẹnu.

Wọ́n ní, “Kí ló dé tí o ń pe ọkùnrin yẹn ní ‘wọ́n’? ‘Wọ́n nu bàtà wọn, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.’ Tó bá wá kan àwọn obìnrin yẹn: ‘Ó pariwo, ó ṣubú, ó kú.’”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣebí àgbàlagbà ni, mà? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ká máa bọ̀wọ̀ fún àgbà.”

Wọ́n ní, “Ẹni kẹrin nínú ìwé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Mi ò pè wọ́n ní ‘ó’ rí láyé mi. Ọjọ́ tí mo bú wọn gan-an, ‘ẹ̀yin ọ̀lẹ yìí’ ni mo pè wọ́n.”

Wọ́n yọ okùn áyọ́ọ̀nù lára iná, wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ wọn dáadáa títí kan kọ́là, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ. Ìyá mi jókòó sórí agbọ̀n. Láti ìgbà tí eyín mi àkọ́kọ́ ò tíì ká ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìyá mi ò sì mọ̀. Wọ́n kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Ooru ò wá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá. Aṣọ gbẹ, kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́. Ìyá mi ní àwọn ò ní gba ẹlòmíràn, pé bí wọn ò bá padà, àwọn á máa kó aṣọ rírún fún oníbàárà.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti òpópónà, ó gùn, ó dùn, òkúta á sunkún tó bá gbọ́ ọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹní, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀: sàà, sàà. Díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé, tó fọ́. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kódà mi ò gbọ́ èémí. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, ẹ má bẹ̀rù, Rédíò ni. Òpó, mo sá. Èmi tí mo ń kígbe ‘ẹ sá’ fún ẹlòmíràn, mo sá fi obìnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún ìyá mi pé mi ò ní lọ sí ibi ìkàwé mọ́. Wọ́n ní, “Wàá lọ. Ẹnu tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe.” Mo lọ. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀: “Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé. Wọ́n fún un lómi mu. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Ẹnì kan bi mí láti ẹ̀yìn pé ta ni ‘wọ́n’ níbẹ̀. Mo ní obìnrin tó ni ilé ni. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Bàbá Onílé dìde, wọ́n ní, “Ọmọ yìí, ẹni tó ju bàbá rẹ lọ lo ń pè ní ‘ó’ yẹn?”

Mo ní, “Bàbá, apààyàn ni.”

Wọ́n ní, “Apààyàn kò lọ́jọ́ orí ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, mo gbé e mì. Mo ń bá a lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi fèrèsé, ẹnu mi tún yọ̀, mo tún pè é ní ‘wọ́n’. Wọ́n pàtẹ́wọ́ pé mo ti gbọ́n. Ni ọmọkùnrin kan bá pariwo pé, “Rédíò, bàtà ńkọ́?” Mo ní kò sí bàtà lónìí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà tirẹ̀ nu ilẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé mo ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ń nu bàtà: sàà, sàà, sàà, tàgbà tèwe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò parí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ilẹ̀ rìn.

Ọjọ́ Ajé, Àǹtí Ooru wọlé. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n ti okùn áyọ́ọ̀nù bọ iná, wọ́n sì fà á lé aṣọ bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ. Nígbà tó yá, láìwo ojú mi, wọ́n ní, “Mo gbọ́ pé wọ́n ní o ò lẹ́kọ̀ọ́.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo tún wá sí ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ yẹn.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Mo rí ẹ̀yìn rẹ lójú fèrèsé nígbà tí o ń sá.” Wọ́n lọ apá ẹ̀wù kan tán, wọ́n lọ èkejì. “Gbé ìwé yẹn wá. Mi ò ṣí i rí. Ka ibi tiwọn fún mi.”

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ka ibi ẹni kẹrin, mo ń fi èdè tiwa sọ ọ́, mi ò ṣe ohùn ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé kan àti díẹ̀ ni. Ọjọ́ orí wọn wà níbẹ̀, àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀, irú kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àti bí àwọn ènìyàn ṣe bá wọn nílẹ̀. Mo kà á títí mo fi dé ẹni karùn-ún, mo sì dákẹ́.

Wọ́n ní, “Ṣé ó ti parí ni?”

Mo ní, “Ó ti parí, mà.”

Wọ́n ń wo ìwé náà lọ́wọ́ mi, bó ṣe nípọn tó. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọrin tí wọ́n bá ń fọ abọ́. Ohùn wọn burú! Ara ilé kejì á máa ti fèrèsé. Kò sí níbẹ̀?” Mo ní kò sí. Wọ́n ní, “Bọ́tìnnì ẹ̀wù yìí ti já. Bá mi mú abẹ́rẹ́ wá.” Mo mú un wá, mo fẹ́ bá wọn ti òwú bọ̀ ọ́, òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ti òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gán bọ́tìnnì náà. Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Mi ò sì láyà láti bèèrè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ìwé náà ránṣẹ́, Òpó. Mo mọ̀ pé wàá rí i níbòmíràn. Tí o bá dé ibi fèrèsé yẹn, tí ọkàn rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sá, ìwọ nìkan kọ́. Ìgbà tí mo tún un kà ní àná, ọkàn tèmi tún bá a sá. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, ìta àti ìyẹ̀wù. Kí ó dá ẹ̀mí ìyá rẹ sí, kí ọjọ́ bàbá rẹ gùn, kí ìwọ náà má ga ju báyìí lọ, kí ilẹ̀kùn lè máa gbà ẹ́. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì àkọ́kọ́,
Rédíò, tí bátìrì rẹ̀ ti ń tán.

Àfikún: Má ka lẹ́tà yìí sókè fún ẹnikẹ́ni o. Mo mọ̀ ẹ́, wàá fẹ́ ṣe ohùn mi, wàá sì fẹ́ ṣe ohùn Àǹtí Ooru. Tèmi, ṣe é bó ṣe wù ẹ́. Tiwọn, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀.